Báwo ni sáfà kan ṣe ń dá ọ̀pọ̀ oníbàárà lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà?

Àwọn kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ bi mí pé kí ló dé tí sáfà tí mo kọ fún iṣẹ́ àkójọ ọ̀rọ̀ wa fi dákẹ́ ní ọjọ́ tí gbogbo wa kọ́kọ́ lò ó. Ẹ̀bi mi ni. Mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀, nítorí pé ibi tí mo ti kọsẹ̀ yìí, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ sáfà ní ìgbà àkọ́kọ́ ti máa ń kọsẹ̀.

Fún ẹni tí kò mọ̀, sáfà ni ètò kọ̀ǹpútà tó jókòó síbì kan, tó ń retí kí àwọn ètò mìíràn kàn sí i. Àwọn tó ń kàn sí i ni oníbàárà rẹ̀. Tèmi wà lórí kọ̀ǹpútà kékeré kan nínú ilé mi. Èdè Python ni mo fi kọ ọ́, kò sì ju ogójì ìlà lọ. Yóò gba ọ̀rọ̀ tí ẹ bá fi ránṣẹ́ láti orí fóònù yín, yóò fún un ní nọ́ńbà, yóò sì sọ fún yín bóyá a ti ní in tẹ́lẹ̀. Mo dán an wò nílé, èmi nìkan. Wéré ló ń dáhùn. Ni mo bá ní kí ẹ máa lò ó.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ẹ̀yin mẹ́jọ lẹ wà lẹ́nu ìwádìí ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀kan nínú yín ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn sí sáfà ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibi tó wà bá lọ. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó rí èsì mọ́. Ẹnì kan wà lọ́dọ̀ ìyá aláró kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ìyá yìí ń dárúkọ oríṣiríṣi àbùkù tó máa ń wà lára aṣọ tí aró kò bá mú dáadáa. Akẹ́kọ̀ọ́ wa fi mẹ́ta ránṣẹ́, ó ń dúró de èsì, ó ń dúró, títí tí ìyá fi dìde pé ó ti rẹ òun. (Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí kò kọ ọ́ sínú ìwé. Mo ti bi í.)

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an? Bí mo ṣe kọ ọ́ ni pé kí sáfà fi accept gba oníbàárà kan wọlé, kí ó fi recv gbọ́ ohun tó wí, kí ó dá a lóhùn, kí ó jẹ́ kó máa lọ, kí ó tó pe ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n recv kì í kúrò lójú kan bí ohunkóhun kò bá dé. Fóònù tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ lọ kò sọ pé ó dàbọ̀, sáfà mi sì ń retí rẹ̀ títí. Ní gbogbo àkókò yìí, Linux fúnra rẹ̀ ló ń kí àwọn tó kù káàbọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó ń tò wọ́n sórí ìlà, nítorí mo ti fún un láṣẹ pẹ̀lú listen pé kó fi ààyè sílẹ̀ fún àwọn tó ń dúró. Ìdí nìyí tí ẹnì kan fi pè mí pé, "Prof, ó ti connect o, àmọ́ kò sọ̀rọ̀." Òótọ́ ló sọ. Ó ti wọ àgbàlá, kò tíì rí onílé ni.

Ọ̀rọ̀ "lẹ́ẹ̀kan náà" yìí ló ń tan ènìyàn jẹ. A máa ń rò pé ẹni tó bá fẹ́ dá ènìyàn mẹ́jọ lóhùn gbọ́dọ̀ ní ẹnu mẹ́jọ. Ẹ jẹ́ ká wo èdè tiwa. Bí mo bá bi ọmọ-ọmọ mi pé kí ni ìyá rẹ̀ àgbà ń ṣe, ó lè ní, "Wọ́n ń se ẹ̀wà." Bẹ́ẹ̀ ìta ni ìyá náà wà, tó ń já ẹ̀fọ́. Ọmọ náà kò purọ́. Mo kọ́ yín ní kíláàsì pé ń ni atọ́ka ibá-ìṣẹ̀lẹ̀ àìṣetán atẹ́rẹrẹ: ó ní nǹkan ti bẹ̀rẹ̀, kò tíì parí. Kò sọ pé ọwọ́ ènìyàn wà nínú ìkòkò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni sáfà. Èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò rẹ̀, ó kàn ń retí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Iṣẹ́ tó ń ṣe lórí ọ̀rọ̀ kan kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ọ̀nà àtijọ́ lórí Unix ni fork: sáfà a bí ọmọ kan fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan, ọmọ náà a jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, a sì kú. Bàbá gbọ́dọ̀ fi wait bèèrè òkú ọmọ rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ orúkọ rẹ̀ kò ní kúrò nínú ìwé. Ọ̀nà yìí dára, ṣùgbọ́n ó wúwo, mi ò lò ó.

Thread ni mo kọ́kọ́ gbìyànjú. Àwọn thread ń gbé inú ilé kan náà, wọ́n ń lo ohun ìní kan náà, ibẹ̀ ni mo sì ti rí màbo. Nọ́ńbà tó kẹ́yìn nínú àkójọ wa jẹ́ 412. Thread méjì wò ó lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn méjèèjì rí 412, wọ́n fi ení kún un, àwọn méjèèjì kọ 413. Ọ̀rọ̀ tó dé kẹ́yìn jókòó lé èyí tó ṣáájú rẹ̀ lórí. Kò sí àmì àṣìṣe kankan. Èyí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí sáfà tó bá dákẹ́, a ó kúkú mọ̀ pé ó dákẹ́. Ènìyàn lè fi kọ́kọ́rọ́ sí i, kí thread kan ṣoṣo máa wọlé lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ ẹni tó bá gbàgbé kọ́kọ́rọ́ níbì kan péré, ó ti tán.

Èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn ni ti ìyá ẹlẹ́wà yẹn. Láti ọdún 1983, nínú 4.2BSD, ni select ti wà: ètò a kó orúkọ gbogbo oníbàárà fún ẹ̀rọ, a ní, "Jí mi bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá sọ̀rọ̀." Ìṣòro select ni pé ó ní láti yẹ gbogbo wọn wò ní gbogbo ìgbà, ìwọ̀n rẹ̀ kì í sì í sábà ju 1024 lọ. Ní 1999, Dan Kegel kọ̀wé lórí bí kọ̀ǹpútà kan ṣe lè dá 10,000 oníbàárà lóhùn. Ní 2002, epoll wọ inú Linux, èyí tó ń dárúkọ àwọn tó ti ṣe tán nìkan. Òun ni nginx, tí Igor Sysoev gbé jáde ní 2004, ń lò lórí Linux. Òun náà ni asyncio ti Python, tí mo ń lò báyìí, gbára lé níbẹ̀.

Owó rẹ̀ kò sí lọ́fẹ̀ẹ́ ṣá o. Sáfà gbọ́dọ̀ máa rántí ibi tó bá olúkúlùkù dé. Bí àpẹẹrẹ, ẹ́ tiwa yìí jẹ́ báìtì márùn-ún: mẹ́ta fún ẹ, méjì fún àmì òkè. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò mọ lẹ́tà, bí omi ló ṣe ń ṣàn. Ó lè gbé báìtì méjì wá, kí mẹ́ta yòókù máa bọ̀ lẹ́yìn. Bí sáfà bá sáré kà á, lẹ́tà náà a fọ́. Nítorí náà, oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní igbá tirẹ̀, n kì í sì í ka ohun tó wà nínú rẹ̀ títí ìlà yóò fi parí. Ẹni tí kò bá sọ̀rọ̀ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, mo tì í síta. Kó padà wá nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé.

Akẹ́kọ̀ọ́ wa ti padà sọ́dọ̀ ìyá aláró. Ìyá rántí méjì nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà. Wọ́n ní ẹ̀kẹta kò sí lẹ́nu àwọn mọ́, bóyá tí àwọn bá tún rí irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Mo fi nọ́ńbà kan sílẹ̀ dè é.