Tíọ́rì Ìtúpalẹ̀ Ọkàn àti Àlọ́ Ọmọbìnrin Onífìlà Pupa

Sigmund Freud ni ó dá tíọ́rì ìtúpalẹ̀ ọkàn sílẹ̀. Ní ọdún 1923, ó pín ọkàn ẹ̀dá sí mẹ́ta: ìfẹ́-inú tí kì í gbọ́ ìkìlọ̀, làákàyè tí ń wo bí ayé ti rí, àti ẹ̀rí-ọkàn tí ń ṣe ìdájọ́ ìwà. Ìfẹ́ tí a bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ a máa gba ojú àlá jáde gẹ́gẹ́ bí àmì. Irú àmì bẹ́ẹ̀ ni àwọn lámèyítọ́ ń wá nínú àlọ́.

Erich Fromm, ẹni tí kò fara mọ́ gbogbo èrò Freud, túmọ̀ àlọ́ ọmọbìnrin tí ìkookò gbé mì ní ọdún 1951. Ó ní fìlà pupa dúró fún nǹkan oṣù; ìgò tí ìyá ní kí ọmọ má fọ́ sì jẹ mọ́ ìbálé.

Ìtumọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò lágbára. Ní ọdún 1984, òpìtàn Robert Darnton ṣàlàyé pé kò sí fìlà pupa, ìgò tàbí ìkìlọ̀ ìyá nínú àlọ́ náà bí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Faransé ṣe ń pa á. Fìlà wà nínú ìwé Charles Perrault ti ọdún 1697. Ìgò àti ìkìlọ̀ wà nínú ìwé àwọn Grimm ti ọdún 1812.

Èyí kò sọ tíọ́rì náà di asán. Ohun tí ó fi hàn ni pé a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ẹni tí ó ni àmì kí a tó túmọ̀ rẹ̀. Ó kan àlọ́ ìjàpá pẹ̀lú, nítorí apàlọ́ kan kì í pa á bí èkejì.