Níbo Ni Irinṣẹ́ Ń Sùn? Bí A Ṣe Lè Fi Àkékù Pákó Ṣe Pátákó Ìkọ́rinṣẹ́



Ọjọ́ tí a bá gbé irinṣẹ́ lé ọmọ òrukàn tó ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà lọ́wọ́, inú gbogbo wa máa ń dùn. Ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bi ara wa lọ́jọ́ náà: níbo ni irinṣẹ́ yìí yóò máa sùn? Nínú ọ̀pọ̀ ìsọ̀ tí a ti dé, inú àpò sìmẹ́ńtì tàbí abẹ́ tábìlì iṣẹ́ ni wọ́n máa ń kó o sí. Níbẹ̀ ni òòlù ti ń lu eyín ayùn, tí síṣẹ́ẹ̀lì ń dípẹtà, tí tépù sì ń bá ẹlòmíràn lọ láìsí ẹni tó mọ ọjọ́ tó lọ. Kí ọdún tó yí po, òmíràn ti sọnù, òmíràn kò ṣe é lò mọ́. Ọmọ tí kò sì ní irinṣẹ́ mọ́ ni wọn yóò máa rán lọ pọn omi, nígbà tí wọ́n bá ń pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá sídìí iṣẹ́. Owó sàká la fi ra irinṣẹ́ náà. Àmánà ni, ṣíṣọ́ rẹ̀ sì wà lára ẹ̀kọ́ iṣẹ́.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ ra kọ́bọ́ọ̀dù. Àkékù pákó tí à bá kó sínú iná tó fún ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé yìí, ọmọṣẹ́ méjì sì lè ṣe é lábẹ́ ojú ọ̀gá wọn.

YÍYAN IGI

Kì í ṣe gbogbo àkékù ló yẹ ní lílò. Bí ẹ bá rí ihò wínníwínní lára igi, tí ìyẹ̀fun tuntun sì ń dà nínú rẹ̀, kòkòrò ṣì wà níbẹ̀. Ẹ má gbé e wọ ìsọ̀, nítorí yóò ran igi yòókù. Igi tó bá tutù, ẹ sá a kó gbẹ dáadáa, torí pé pákó tútù máa ń ká bí ó bá ń gbẹ, yóò sì já ìṣó kúrò lára.

Ìrókò àti àpá le, ikán kì í sì í tètè jẹ wọ́n. Àwọn ni kí ẹ fi ṣe ìkọ́ àti igi tí yóò gba ẹrù. Arère fúyẹ́, ó sì rọrùn láti rẹ́, ṣùgbọ́n kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀. Ojú pátákó nìkan ni kí ẹ lò ó fún, kó má fara kan ilẹ̀.

Àwọn mìíràn máa ń tú pálẹ́ẹ̀tì, ìyẹn igi tí wọ́n fi ń gbé ẹrù ní èbúté. Ẹ wo àmì tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Bí ẹ bá rí HT, iná ni wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀: wọ́n mú kí àárín igi náà gbóná dé 56°C fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ lè lo èyí. Bí ó bá jẹ́ MB, èéfín apakòkòrò olóró ni wọ́n fín sí i. Ẹ fi sílẹ̀. Ẹ fi èyí tí epo tàbí kẹ́míkà ti dà sí náà sílẹ̀.

Ẹ yọ gbogbo ìṣó àtijọ́ kí ayùn tó kan igi. Ìṣó kan ṣoṣo lè ba eyín ayùn jẹ́, ó sì lè ta sí ojú ọmọ.

PÁTÁKÓ NÁÀ

Ẹ gé pákó mẹ́rin tó nípọn ínǹṣì 1, tí ìkọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní ínǹṣì 9, tó sì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 2. Bí ẹ bá tò wọ́n lóòró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, fífẹ̀ wọn yóò jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3. Bí àkékù yín kò bá fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi iye rẹ̀ kún un títí yóò fi pé.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú pákó líle kan tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 3, tó fẹ̀ ní ínǹṣì 5. Ẹ là á sí méjì láti orí dé ìdí, ṣùgbọ́n kí ayùn má dúró ṣánṣán. Ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́ ní dígírì 45. Igi méjì yìí ni yóò máa gbé ara wọn. Ẹ kan ọ̀kan mọ́ òpó tàbí ògiri, kí ojú tó dàgẹ̀rẹ̀ wà lókè, kí ẹnu rẹ̀ tó mú wà níta, kí àyè sì wà láàárín rẹ̀ àti ògiri. Ẹ kan èkejì mọ́ ẹ̀yìn pátákó lókè, kí ojú tó dàgẹ̀rẹ̀ wà nísàlẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ògiri. Bí ẹ bá gbé pátákó kọ́, ẹnu ti ẹ̀yìn pátákó yóò wọ inú àyè náà, ìwúwo irinṣẹ́ yóò sì máa fà á mọ́ ògiri. Ẹ tún kan igi tó nípọn ínǹṣì 1 mọ́ ẹ̀yìn nísàlẹ̀, kí pátákó lè dúró gbọọrọ, kí atẹ́gùn sì máa gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ọ̀rinrin ògiri kò ní lè dé ara irin.

Ìṣó onínǹṣì 1½ ló yẹ, kí ẹnu rẹ̀ má baà yọ sódì kejì. Bí igi bá ń là, ẹ fi òòlù lu ẹnu ìṣó díẹ̀ kó kú, kí ẹ tó kàn án. Ìṣó tí ẹnu rẹ̀ kú máa ń tẹ igi wọlé ni. Èyí tó mú ló ń là á.

ÀYÈ IRINṢẸ́ KỌ̀Ọ̀KAN

Ẹ kọ́kọ́ tẹ́ pátákó sílẹ̀, kí ẹ to gbogbo irinṣẹ́ lé e lórí. Èyí tí a ń lò jù, ẹ fi í sí ibi tí ọwọ́ ọmọ yóò tètè dé.

Òòlù: ìkọ́ igi líle méjì ló tó o. Ẹ lu ihò wọn kó gbé ẹnu sókè díẹ̀, kí òòlù má baà yọ̀ bọ́ sílẹ̀.

Ayùn: ẹ gbẹ́ igi kékeré tó bá ihò inú ọwọ́ ayùn mu, kí ẹ kàn án mọ́ pátákó, kí ayùn sì máa kọ́ sí i.

Síṣẹ́ẹ̀lì: ẹ lu ihò sára igi tó fẹ̀ ní ínǹṣì 2, kí ojú irin lè gba inú rẹ̀ kọjá, kí èèkù má sì gbà á kọjá. Ẹ kan pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo iwájú ibi tí ẹnu wọn yóò wà, kí ó má baà gé ẹni tó bá na ọwọ́ síbẹ̀.

Ìfági: ẹ ṣe pẹpẹ kékeré fún un nísàlẹ̀, kí ẹ kan igi tín-ín-rín sí etí rẹ̀, kó má baà yọ̀ ṣubú.

Ìṣó: ẹ lu agolo mílíìkì tó ti ṣófo mọ́ ìsàlẹ̀ pátákó, kí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ní agolo tirẹ̀.

OHUN TÓ ṢE PÀTÀKÌ JÙ

Bí gbogbo irinṣẹ́ bá ti wà ní àyè rẹ̀, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì tọ eteetí ìkọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi ọ̀dà kun àwòrán náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń fò dá nìyí, òun sì ni kókó iṣẹ́ yìí. Irinṣẹ́ tó wà nínú àpò, ọjọ́ tí a bá wá a la máa ń mọ̀ pé ó ti sọnù, a kò sì ní mọ ẹni tí a ó bi. Èyí tí àwòrán rẹ̀ wà lára pátákó, àyè rẹ̀ tó ṣófo yóò sọ fún wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, nígbà tí ẹni tó lò ó kò tíì kúrò nítòsí. A kò ní fura sí ọmọ tí kò mọ nǹkan kan.

Nítorí náà, kí ọmọṣẹ́ fi àkísà tó ní epo díẹ̀ nu irin kí ó tó gbé e kọ́, pàápàá lásìkò òjò. Bí ìsọ̀ kò bá ní ilẹ̀kùn, ẹ kó síṣẹ́ẹ̀lì sínú àpótí, kí ẹni méjì gbé pátákó sókè kúrò lára ògiri, kí wọ́n sì gbé e wọlé sùn.

Ẹ̀yin ọ̀gá, a bẹ̀ yín, ẹ fún àwọn ọmọ yìí ní ọjọ́ kan àti àkékù tó wà nílẹ̀. Iṣẹ́ náà yóò kọ́ wọn ní wíwọ̀n, rírẹ́ àti kíkàn, yóò sì kọ́ wọn láti máa ṣọ́ ohun tí wọn yóò fi jẹun lọ́la. Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Àmín.