Ètò àtúnṣe fọ́tò

Ètò àtúnṣe fọ́tò ni ètò orí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù tí a fi ń tún ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ fọ́tò ṣe. Thomas Knoll àti àbúrò rẹ̀, John, ni wọ́n ṣẹ̀dá Photoshop, tí ilé-iṣẹ́ Adobe gbé jáde ní 1990.

Irú fáìlì tí kámẹ́rà ń fi pamọ́ ló yẹ kí ẹni tó ń ya fọ́tò fún ìgbádùn kọ́kọ́ wò kó tó yan ètò. JPEG ní ìpele ìmọ́lẹ̀ 256 fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan; RAW oníbíìtì 14 lè ní 16,384. Bí ojú ẹni tó dúró lábẹ́ igi bá ṣókùnkùn, tí ojú ọ̀run ẹ̀yìn rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ yòò, inú RAW ni a ti lè mú ojú náà hàn kedere láìjẹ́ pé àwọ̀ ara rẹ̀ rí bí eérú.

Lightroom Classic àti darktable ń ṣí RAW, wọn kì í sì í fọwọ́ kan fáìlì àkọ́kọ́: ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kọ àkọsílẹ̀ àtúnṣe sí. GIMP, tí Spencer Kimball àti Peter Mattis bẹ̀rẹ̀ ní 1995, dára fún iṣẹ́ bíi yíyọ àbààwọ́n, ṣùgbọ́n ó nílò ètò mìíràn, bíi darktable, láti ṣí RAW. Ọ̀fẹ́ ni àwọn méjèèjì.

Àsansílẹ̀ owó ni ti Lightroom Classic. Bí owó bá dúró, fọ́tò kò sọnù, ṣùgbọ́n abala àtúnṣe yóò tì pa, ètò mìíràn kì í sì í lè ka gbogbo àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ń kúrò níbẹ̀ ní láti yọ ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní TIFF tàbí JPEG.