Yàrà tó gbé ọmọ wa mì ní ilẹ̀ Faransé

Yàrà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì létí wa. Láyé ogun abẹ́lé, ìlú tí kò ní odi àti yàrà, ńṣe ló ń pe ọ̀tá wọlé. Àwọn baba wa a gbẹ́ ẹ yí ìlú ká kí tọmọdé tàgbà lè fojú ba oorun. Ṣùgbọ́n yàrà tí mo ń sọ lónìí yàtọ̀. Ọmọ ogun ló ń gbé inú rẹ̀, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, ìlú tó bá sì wà nítòsí rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń di ahoro. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, bíi 170,000 ọkùnrin ni ìjọba Faransé kó láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Bíi 30,000 nínú wọn ni kò padà sílé.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1914, àwọn ọmọ ogun Jámánì rọ́ gba Bẹ́ljíọ̀mù wọ Faransé, wọ́n fẹ́ gba Paris kíá. Létí odò Marne ni wọ́n ti dá wọn dúró. Nígbà tí kò sí ẹni tó lè lé ẹnì kejì sẹ́yìn mọ́, tọ̀túntòsì mú ṣọ́bìrì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, yàrà ti wà láti etí òkun ní àríwá títí dé ẹnubodè Switzerland, bíi 700 kìlómítà. Ẹni tó bá ti wọ mọ́tò láti Èkó lọ sí Àbújá mọ bí ìyẹn ṣe jìnnà tó. Ó lé ní ọdún mẹ́ta tí ìlà náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan.

Kí ló fà á? Ẹni tó wà nínú yàrà lágbára ju ẹni tó ń bọ̀ wá bá a lọ. Ó fara pamọ́, ó na wáyà ẹlẹ́gùn-ún síwájú, ó gbé ìbọn tó ń yọ ọta bí òjò kalẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kọlù ú gbọ́dọ̀ gùn jáde, kó fẹsẹ̀ rìn lórí pápá gbalasa. Àwọn ọ̀gágun rò pé bí àwọn bá kọ́kọ́ yin àgbá fún ọjọ́ púpọ̀, gbogbo ẹni tó wà níwájú yóò ti kú. Àmọ́ ariwo àgbá yẹn gan-an ló ń sọ fún ọ̀tá pé à ń bọ̀, ọta rẹ̀ ló sì ń sọ ilẹ̀ di ẹrẹ̀ tó ń gbé ẹsẹ̀ mì. Bí wọ́n bá rí yàrà kìíní gbà, èkejì wà lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ̀ ojú irin sì ti ń kó ọmọ ogun tuntun bọ̀ fún ọ̀tá.

Létí odò Somme, ọjọ́ méje ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi yin àgbá. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1916, wọ́n ní kí àwọn ọmọ wọn jáde. Àwọn ará Jámánì yọ láti inú ihò jíjìn tí wọ́n sá sí, wọ́n dìde ti ìbọn wọn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, bíi 57,000 ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló ti kú, tó fara gbọgbẹ́ tàbí tó di àwátì. Àwọn tó kú lé ní 19,000. Ọjọ́ kan ṣoṣo! Ìjà náà ń bá a lọ títí di oṣù kọkànlá. Ní ìhà méjèèjì, àwọn tó kú àti àwọn tó fara gbọgbẹ́ lé ní mílíọ̀nù kan. Ilẹ̀ tí wọ́n rí gbà, níbi tó jìnnà jù, kò ju bíi kìlómítà mẹ́wàá lọ. Ọlọ́kadà á sá ìyẹn tán láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò kó àwọn sójà Nàìjíríà lọ sínú yàrà Yúróòpù. Kamẹrúùnù àti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti jà. Faransé kó àwọn tirẹ̀ lọ ní tirẹ̀. Láti ọdún 1910 ni ọ̀gá sójà kan, Charles Mangin, ti kọ ìwé pé Áfíríkà ni Faransé yóò ti máa rí ọmọ ogun, bí ẹní ń bu omi nínú àmù.

Ní ọdún 1917, Ọ̀gágun Robert Nivelle fọwọ́ sọ̀yà pé láàárín wákàtí 48, òun yóò ti la ìlà Jámánì kọjá. Ibi tó yàn ni òkè gbọọrọ kan tí wọ́n ń pè ní Chemin des Dames, nítòsí Soissons. Àwọn Jámánì wà lókè, Faransé wà nísàlẹ̀. Abẹ́ òkè náà kún fún ihò tí àwọn tó ń wa òkúta ti gbẹ́ sílẹ̀ tipẹ́. Ibẹ̀ ni àwọn Jámánì ń sá sí bí àgbá bá ń dún. Ìwé ètò ìjà náà pàápàá ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ṣáájú. Síbẹ̀, Nivelle ní dandan ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ 16 oṣù kẹrin, òjò àti yìnyín ń bọ́ pọ̀. Lábẹ́ Mangin kan náà, wọ́n ti àwọn ọmọ Áfíríkà síwájú. Gúúsù Faransé, níbi tí òtútù ti mọ níwọ̀n, ni wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọn dé. Ọwọ́ ọ̀pọ̀ wọn ti kú débi pé wọn kò lè di ìbọn mú dáadáa. Nínú bíi 16,000 tí wọ́n kó lọ síbẹ̀, àwọn tó kú, tó fara gbọgbẹ́ tàbí tó di àwátì lé ní 7,000. Wákàtí 48 kọjá, ọ̀sẹ̀ kọjá, ìlà kò là. Blaise Diagne, tó ń ṣojú Sẹ̀nẹ̀gà nílé aṣòfin ní Paris, fi ìbínú sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Wọ́n yọ Nivelle ní oṣù karùn-ún. Nígbà tó yá, ẹ gbọ́ ná, Áfíríkà náà ni wọ́n fi í ránṣẹ́ sí, ó lọ di ọ̀gá àwọn ọmọ ogun ní Algiers. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ogun Faransé sì kọ̀ jálẹ̀: àwọn á máa ṣọ́ yàrà, ṣùgbọ́n àwọn ò ní jáde lọ kú lásán mọ́. Lójú tèmi, àwọn sójà yẹn mọ ogun náà ju ọ̀gágun wọn lọ.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó máa ń dun èmi tí mò ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè. "Ará Sẹ̀nẹ̀gà" ni wọ́n ń pe gbogbo wọn, ì báà jẹ́ Bàḿbárà, Mọ́sí, Fọ̀n tàbí Yorùbá. Ní ọdún 1916, wọ́n tẹ ìwé pélébé kan fún àwọn ọ̀gá sójà, tó ń kọ́ wọn ní Faransé jágajàga tí wọ́n á máa fi bá àwọn ọmọ Áfíríkà sọ̀rọ̀. Àwọn tó gbọ́ èdè méjì, mẹ́ta láti ilé ni wọ́n rò pé ọpọlọ wọn kò lè gbé ju ìyẹn lọ. Obìnrin ayàwòrán kan, Lucie Cousturier, tó ń gbé nítòsí àgọ́ wọn ní Fréjus, rí i pé àwọn sójà náà mọ̀ pé wọ́n ń fi èdè yẹn ṣe àwọn ní yẹ̀yẹ́. Ó ń kọ́ wọn ní Faransé gidi nínú ilé rẹ̀. Fréjus ni wọ́n ń kó wọn lọ lásìkò òtútù. Ní àgọ́ mìíràn, Le Courneau, nítòsí Bordeaux, àìsàn pa àwọn tó lé ní 900, òtútù àyà ló sì pa èyí tó pọ̀ jù. Ìró ìbọn ọ̀tá kò dé ibẹ̀ rárá.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kó wọn nílé? Wọ́n á bu iye ènìyàn fún olórí ìlú kọ̀ọ̀kan pé kó mú wá. Ọmọ tálákà, ọmọ ẹni tí kò ní alágbàwí, ló ń kọ́kọ́ bọ́ sí i. Ní Dàhòmì, tó di orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ lónìí, ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá di ẹrù wọn, wọ́n sọdá ẹnubodè lọ bá àwọn ìbátan wọn ní Nàìjíríà. Àwọn Ọ̀họ̀rí jókòó sórí ilẹ̀ wọn ní tiwọn, ilẹ̀ amọ̀ dúdú tí kò ṣeé gbà lásìkò òjò, wọ́n sì bá Faransé fà á láàárín 1914 sí 1917. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: ẹrẹ̀ tó ń gbé ọmọ ẹni ẹlẹ́ni mì ní Faransé ló ń ṣe odi fún wọn nílé.

Joost Van Vollenhoven, gómìnà àgbà ní Dakar, sọ fún Paris pé kí wọ́n má kó ènìyàn mọ́. Wọn kò gbọ́, ó bá kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1918, ó padà sójú ogun, ó sì kú síbẹ̀ lóṣù keje. Ta ni wọ́n wá rán wá kó ènìyàn? Diagne tó bínú lọ́jọ́sí ni. Nǹkan bíi 63,000 ló rí kó. Ó gbà pé ẹ̀jẹ̀ wọn ni wọ́n á fi ra ẹ̀tọ́ ọmọ onílẹ̀. Wọ́n san owó ọjà náà tán, ọ̀pọ̀ wọn kò rí ọjà gbà.

Ogun parí ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 1918. Ní ọdún 1959, tí òmìnira ti ń súnmọ́, Faransé ṣòfin tó so owó ìfẹ̀yìntì àwọn sójà àtijọ́ wọ̀nyí mọ́lẹ̀ síbi tó wà, nígbà tí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó jẹ́ ọmọ Faransé ń gòkè. Abdoulaye Ndiaye, ará Sẹ̀nẹ̀gà tó fara gbọgbẹ́ ní Somme, ni wọ́n mọ̀ sí ẹni ìkẹyìn nínú wọn. Ètò ti wà pé kí wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ Légion d'honneur dá a lọ́lá ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 1998. Ó kú ní ọjọ́ 10, lẹ́ni ọdún 104.