Òótọ́ àti Irọ́ Nípa Àyẹ̀wò PCR

Láti ìgbà Kòrónà ni ọ̀rọ̀ PCR, àyẹ̀wò tó ń sọ DNA di púpọ̀ kí a lè rí i, ti wọ gbogbo èèyàn lẹ́nu, títí kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU) tó kún Okokomaiko àti Iba. Ẹni tó bá gba àhesọ gbọ́ kò jẹ̀bi. Ẹ jẹ́ ká sáà yanjú ẹ̀.

Irọ́: "Ẹ̀rọ PCR gbọ́n, ó mọ kòkòrò tó rí."

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń rí. Àwa la máa ń sọ fún sọ́fítíwíà pé ta ló ni ihò wo nínú àwọn ihò kéékèèké tí a ń fi àyẹ̀wò sí, àti aró wo ló ń tàn níbẹ̀. Ẹ wo àyẹ̀wò Kòrónà tí CDC, àjọ tó ń dènà àrùn ní Amẹ́ríkà, ṣe lọ́dún 2020: FAM ni aró tó wà lára N1 àti N2, tó ń wá fáírọ́ọ̀sì. FAM náà ló wà lára RP, tó ń wá jíìnì èèyàn láti fi mọ̀ pé òwú tí wọ́n kì bọ imú mú nǹkan bọ̀. Ìmọ́lẹ̀ kan náà ni, ihò ló yàtọ̀. Ẹni tó bá kọ N1 sórí ihò RP lè mú kí wọ́n fura sí ẹni tára ẹ̀ le koko pé ó lárùn, ẹ̀rọ ò sì ní bá a jiyàn.

Irọ́: "Ìfowóṣòfò ni ihò tí wọ́n ń fi omi lásán sí."

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé omi yẹn ló ń tú àṣírí. Ní oṣù kejì ọdún 2020, àwọn yàrá àyẹ̀wò ní Amẹ́ríkà rí i pé N3, tó wà nínú ohun èlò CDC yẹn kan náà, ń tàn nínú ihò omi, níbi tí fáírọ́ọ̀sì ò sí rárá. Nígbà tó yá, CDC gbà kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ihò tí a mọ̀ pé kòkòrò wà nínú ẹ̀ náà ní iṣẹ́ tiẹ̀: bí ìyẹn ò bá tàn, a ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni pé kò lárùn.

Irọ́: "Bí Ct bá ṣe ga tó ni kòkòrò ṣe pọ̀ tó."

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé òdìkejì ẹ̀ ni. Ct ni iye ìyípo tí iṣẹ́ náà ṣe kí ìmọ́lẹ̀ tó kọjá ààlà. Bó bá lọ déédéé, ìyípo kọ̀ọ̀kan ń sọ DNA di ìlọ́po méjì, ìyípo 10 á sì sọ ọ́ di ìlọ́po 1,024. Kòkòrò ẹni tí Ct ẹ̀ jẹ́ 20 fi nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ìlọ́po ju ti ẹni tí Ct tiẹ̀ jẹ́ 30 lọ.

Irọ́: "Òyìnbó nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe."

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé yàrá ìwádìí fáírọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn LUTH, Ìdí-Àràbà, ló fi ẹ̀rí hàn lọ́jọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 pé Kòrónà ti wọ Nàìjíríà. Láìpẹ́ sígbà náà, ibùdó ìwádìí ACEGID ní Yunifásítì Redeemer, Ẹdẹ, ka àkọsílẹ̀ jíìnì fáírọ́ọ̀sì náà. Akẹ́kọ̀ọ́ LASU tó bá fẹ́ tẹ̀ lé wọn, kó kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ sí ihò kó tó tẹ bọ́tìnì ẹ̀rọ.