Ta Ló Máa Bá Ọ Jiyàn Lórí Project Rẹ?

Lálẹ́ Sátidé, àbúrò kan tó ń gbé ní àdúgbò wa ní Ọmọ́lé kan ilẹ̀kùn mi, laptop lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Supervisor ti dá orí kìíní project rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kẹta.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí o. Wọ́n ní kò sí thesis statement níbẹ̀. Tí mi ò bá gbé e wá lọ́jọ́ Ajé, mi ò ní bá ẹgbẹ́ mi jáde."

Mo ka ohun tó kọ: "Iṣẹ́ yìí yóò ṣàyẹ̀wò ipa tí òfin ọ̀kadà ní lórí àwọn ará Ìkẹjà." Ta ló fẹ́ bá a jiyàn lórí ìyẹn? Ó sọ ohun tó fẹ́ ṣe, kò sọ ohun tó gbà gbọ́. Mo ní kó tún un kọ. Ó kọ ọ́ pé: "Òfin náà ní ire, ó sì ní ibi." Háà! Òfin wo ni kò rí bẹ́ẹ̀?

Àbá ni thesis statement: gbólóhùn kan tí o dúró lé, tí ẹlòmíì lè ní irọ́ ni, tí o sì ní ẹ̀rí tí o máa fi gbè é.

Ẹ wo Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí nínú ìwé rẹ̀, The Invention of Women, tó jáde lọ́dún 1997. Àbá rẹ̀ ni pé kí òyìnbó tó dé, ta ló ṣàgbà ni àwọn Yorùbá Ọ̀yọ́ fi ń to àwùjọ, kì í ṣe ta ni ọkùnrin, ta ni obìnrin. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan gbà, àwọn kan sì ń ta kò ó títí dòní. Ẹ̀rí kan tó lò wà lẹ́nu wa. Àbúrò yìí ṣáà pè mí ní "ẹ̀gbọ́n". Ṣé ẹ ti fi ìyẹn mọ̀ bóyá ọkùnrin ni mí àbí obìnrin?

Ó rẹ́rìn-ín. Mo wá bi í pé: "Ta ni òfin ọ̀kadà yẹn ni lára jù?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ògbà ni màmá òun ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Kí òfin náà tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìkẹjà lọ́jọ́ 1, oṣù Kẹfà, ọdún 2022, ọ̀kadà ló máa ń gbé e délé. Ní báyìí, ẹsẹ̀ ló ń fi rìn.

"Kọ ìyẹn sílẹ̀!"

Ó kọ ọ́: "Òfin ọ̀kadà ti 2022 ni àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ ní Ògbà lára ju àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀sán lọ, torí ọkọ̀ mìíràn ṣòro fún wọn láti rí lóru."

Màmá ẹnìkan kò tó ẹ̀rí o. Ó ní láti bi òṣìṣẹ́ ọ̀sán àti ti alẹ́ léèrè owó ọkọ̀ wọn àti bó ṣe ń pẹ́ wọn tó kí wọ́n tó délé. Ó gbọ́dọ̀ dá ẹni tó máa ní òfin náà dín ìjàm̀bá kù lóhùn. Tí ìdáhùn àwọn òṣìṣẹ́ bá ta ko àbá rẹ̀, àbá ni kó yí padà, kó má yí ìdáhùn.

Àwọn àgbà ní àbá ni ikán ń dá, ikán kò lè mu òkúta. "Ipa òfin lórí àwọn ará Ìkẹjà", òkúta nìyẹn. Òṣìṣẹ́ alẹ́ ní Ògbà, pákó nìyẹn. Eyín ran án.

Lọ́jọ́ Ajé, ó pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, supervisor ní òun ò gbà o. Wọ́n ní kí n lọ wá ẹ̀rí wá."

Inú mi dùn. Ó ti rí ẹni bá a jiyàn.