Òkè Ló Ń Pín Òjò



Àwọn àgbà ní òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí ni eji ń pa. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lórílẹ̀-èdè Nepal, òkè ló ń pinnu ẹni tí eji yóò rí.

Ẹ wá Lumle àti Jomsom lórí máàpù. Wọn kò jìnnà síra, àmọ́ àwọn òkè Annapurna, tí ṣóńṣó wọn ga ju 8,000 mítà lọ, wà láàárín wọn. Lumle wà níhà gúúsù, Jomsom wà lẹ́yìn òkè. Òjò tó ń rọ̀ ní Lumle lọ́dún ju 5,000 mìlímítà lọ. Ti Jomsom kò tó 300.

Kí ló fà á? Láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, ilẹ̀ Éṣíà a máa gbóná ju òkun lọ. Afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ a gòkè, afẹ́fẹ́ tó kún fún omi a sì fẹ́ wá láti Òkun Íńdíà. Òun ni wọ́n ń pè ní monsoon. Bó bá kan òkè, àfi kó gùn ún. Bó ṣe ń gòkè ló ń tutù, omi inú rẹ̀ a sì di òjò. Ẹ wo ọmọrí ìkòkò tó ń hó: oru kàn án, ó di omi, ó ń kán. Kí afẹ́fẹ́ náà tó dé Jomsom, omi inú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Nítorí náà, amọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe òrùlé pẹrẹsẹ níbẹ̀, omi yìnyín tó yọ́ ni wọ́n sì fi ń bomi rin oko. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò lè gba òjò ńlá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, àgbàrá ẹlẹ́rẹ̀ ya wọ Kagbeni nítòsí Jomsom, ó sì ba ilé jẹ́. Níhà Lumle, òjò tó ń mú ìrẹsì dàgbà náà ló ń mú kí ilẹ̀ ya lu ọ̀nà àti ilé.

Irú afẹ́fẹ́ yìí ló ń gbé òjò wá sí ilẹ̀ Yorùbá láti Òkun Àtìláńtíìkì. Bó bá padà sẹ́yìn, ọyẹ́ a dé láti Sàhárà.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: Ẹ bi àwọn òbí yín tàbí ìyá àgbà pé, àmì wo ni wọ́n fi ń mọ̀ nílé pé òjò ń bọ̀? Ẹ kọ gbólóhùn márùn-ún wá.

Ọ̀rọ̀ tuntun: eji (òjò), ọmọrí (ìdérí ìkòkò), àgbàrá (omi òjò tó ń ṣàn lórí ilẹ̀).